Ilẹ̀kùn Kan, Etí Púpọ̀: Esere, Asofẹ́yẹjẹ àti Bí Ọkàn Ṣe Ń Gbọ́ Ìròyìn

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó ti di apoògùn báyìí, ló bi mí léèrè pé kí ni òun lè pe receptor ní Yorùbá tí yóò fi yé ìyá àgbà tó wá ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́ òun. Mo ní kó pè é ní etí. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, “Bàbá, etí kẹ̀? Nínú ọkàn?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nínú ọkàn. Ohun tó ń gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i, tó sì ń ṣe bí iṣẹ́ náà ṣe wí, kí ni à bá tún pè é?

Ìdáhùn mi kò gùn, àmọ́ ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gùn. Bí wọ́n bá ń sọ bí ayé ṣe wá mọ̀ pé ọkàn ní etí, Lọ́ńdọ̀nù, Graz àti Georgia ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí pé ìtàn náà gba ọ̀dọ̀ wa kọjá lẹ́ẹ̀mejì: ó gba Kàlàbá, ó sì gba Abẹ́òkúta. Ewéko méjì ló gbé e gba ibẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ìtàkùn tó ń so irú ẹ̀wà olóró kan. Èkejì ni asofẹ́yẹjẹ, tí àwa ará Èkó-Èǹdé ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí a bá ń lọ sóko. Mo fẹ́ tọ ìtàn náà lẹ́sẹẹsẹ. Dókítà èdè ni mí, n kì í ṣe dókítà ìṣègùn, ṣùgbọ́n mo ti rí ọ̀rẹ́ mi kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú nítorí pé kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé etí tó wà lára ọkàn àti etí tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró kì í ṣe ọ̀kan náà. Màá dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara kálísíọ̀mù. Òun ló mú egungun wa le, òun náà ló wà nínú ìkarahun ìgbín. Láàárín 1882 sí 1883, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ Sydney Ringer ń da omi iyọ̀ sí ọkàn àkèré tí wọ́n ti yọ kúrò lára àkèré, ọkàn náà sì ń lù nìṣó. (Àkèré ni mo kọ, n kò kọ ọ̀pọ̀lọ́, torí àwọn tí fóònù wọn kì í gbé àmì ohùn yóò kà á sí ọpọlọ tó wà nínú agbárí, ìtàn yóò sì dojú rú.) Ìgbà tó yá ni Ringer rí i pé omi ẹ̀rọ ìlú ni wọ́n fi ń po iyọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n fi omi tí wọ́n sè tí wọ́n sì gba oruku rẹ̀ nìkan po ó, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́, ọkàn náà rẹ̀wẹ̀sì títí ó fi dákẹ́. Ó fi kálísíọ̀mù díẹ̀ sí i, ọkàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Kálísíọ̀mù tó wà nínú omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù ni kò jẹ́ kó dákẹ́ látijọ́.

Ohun tí a mọ̀ lónìí ju ti Ringer lọ. Nígbàkigbà tí ọkàn bá fẹ́ lù, iná mànàmáná kékeré kan á sáré kọjá lára àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan rẹ̀. Àwọn ilẹ̀kùn wẹ́wẹ́ tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì á ṣí, kálísíọ̀mù díẹ̀ á ṣàn wọlé. Díẹ̀ yìí nìkan kò tó láti mú iṣan súnkì. Ó kàn lọ ń kan ilẹ̀kùn àká kan tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ni, níbi tí wọ́n kó kálísíọ̀mù tó pọ̀ pa mọ́ sí. Àká á tú ẹrù rẹ̀ síta, iṣan á súnkì, ọkàn á lù kì. Lẹ́yìn náà wọ́n á kó kálísíọ̀mù padà sínú àká, wọ́n á sì lé èyí tó wá láti òde padà sóde. Gbogbo èyí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, láìsí ìsinmi, láti inú oyún títí dọjọ́ ikú. Ìṣàn kálísíọ̀mù tó ń wọlé yẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ tí mo ń bọ̀ wá sọ. Bó bá pọ̀, ọkàn á lù kíkan. Bó bá dín kù, ọkàn á rọra lù.

Ta wá ni ó ń sọ fún ilẹ̀kùn pé kó ṣí dáadáa tàbí kó ṣí díẹ̀?

Ní 1894, George Oliver àti Edward Schäfer fi omi tí wọ́n yọ láti ara ẹṣẹ́ kékeré tó wà lórí kíndìnrín sínú ẹ̀jẹ̀ ẹranko, ẹ̀jẹ̀ ẹranko náà sì ru lójú ẹsẹ̀. Ní 1901, Jokichi Takamine, ọmọ Japan tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, yọ nǹkan náà gan-an sọ́tọ̀. Ohun tí a ń pè ní adrenaline nìyẹn. Òun ló máa ń mú kí àyà ẹni já pà tí ejò bá sọdá níwájú ẹni lọ́nà oko. Họ́mónù ni, ìyẹn ìránṣẹ́ tí apá kan ara rán sínú ẹ̀jẹ̀ kó lọ jíṣẹ́ fún apá mìíràn.

Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ ò lè jíṣẹ́ fún ògiri. Ní 1905, John Newport Langley ní Cambridge sọ pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé nǹkan kan wà lára sẹ́ẹ̀lì tó ń gba iṣẹ́ náà. Ní Jámánì, Paul Ehrlich ti ń lo ọ̀rọ̀ náà receptor fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Láti inú èdè Látìn tó túmọ̀ sí “gbà” ni wọ́n ti mú un. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò fẹ́ kí a pè é ní olùgbà. Kò burú. Àmọ́ lójú tèmi, olùgbà lè gba nǹkan kó sì jókòó tì í. Ẹni bá gba owó ti gbà á nìyẹn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ló máa ń dìde ṣe nǹkan. Ìdí tí mo fi yan etí nìyẹn.

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ kan Kàlàbá.

Láyé àtijọ́ láàárín àwọn Efik, bí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn, wọ́n á fún un ní ẹ̀wà kan tí wọ́n ń pè ní esere, yálà kó jẹ ẹ́ tàbí kó mu ún nínú omi. Bó bá bì í, ó jàre. Bí kò bá bì í, ó kú, wọ́n á ní ẹ̀bi rẹ̀ ló pa á. Àwọn tó kú sọ́wọ́ ẹ̀wà yìí kò kéré. William Daniell, dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní 1846. Ọdún yẹn náà ni àwọn míṣọ́nnárì láti Scotland dé Kàlàbá, nípasẹ̀ wọn ni hóró ẹ̀wà náà fi dé Edinburgh. Ní 1855, ọ̀jọ̀gbọ́n kan níbẹ̀, Robert Christison, fi ara rẹ̀ dán an wò. Ó jẹ díẹ̀, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège. Omi tó fi fá irùngbọ̀n rẹ̀ láàárọ̀ ló gbé mu kó lè bì. Kò sí ẹni tó fẹ̀sùn kàn án, òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ ẹ́. Mo máa ń rò ó wò pé àwọn tí wọ́n jẹ ẹ́ ní Kàlàbá kò rí ẹni tó fún wọn lómi irùngbọ̀n.

Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Christison, Thomas Fraser, kọ ìwé oyè rẹ̀ lórí ẹ̀wà yìí ní 1862. Ní 1864, àwọn ará Jámánì méjì, Jobst àti Hesse, yọ oró inú rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n pè é ní physostigmine. Ọdún kejì ni àwọn ará Faransé yọ ọ́ ní tiwọn, wọ́n sì sọ ọ́ ní eserine. Ẹ wò ó dáadáa: orúkọ tí àwọn Efik ń pe ẹ̀wà wọn ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti inú èdè ilẹ̀ wa wọ inú ìwé apoògùn gbogbo àgbáyé kò pọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ àyálò lọ́dọ̀ mi kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí ni ẹ̀wà yìí wá kàn nípa ọkàn? Ní 1921, Otto Loewi ní ìlú Graz ní Austria gbé ọkàn àkèré méjì kalẹ̀ sínú omi iyọ̀. Ó ta iná sí iṣan tó ń wá láti ọpọlọ sí ọkàn àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní vagus. Ọkàn náà rọra ń lù. Ó bu omi tó yí ọkàn àkọ́kọ́ ká, ó dà á sí ọkàn kejì, èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan iṣan rẹ̀. Òun náà rọra ń lù. Ìyẹn ni pé iṣan kì í bá ọkàn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú iná mànàmáná lásán, ó ń tu nǹkan kan síta tí ọkàn ń gbọ́. Loewi ní ojú àlá ni òun ti rí ọ̀nà tí òun yóò gbà ṣe é, pé lóru àkọ́kọ́ òun kọ ọ́ sórí ìwé, ilẹ̀ mọ́ òun ò lè ka ohun tí òun kọ, àfìgbà tó tún padà wá lóru kejì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí àwa náà ṣe ń kàwé ara wa ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ẹ ò ní bá a wí.

Ìṣòro kan wà. Nǹkan tí iṣan ń tu jáde náà kì í pẹ́ láyé. Kí ènìyàn tó dá a mọ̀, ó ti parẹ́. Ní 1926, Loewi àti Navratil fi eserine sí i, ohùn ìránṣẹ́ náà sì pẹ́ ní etí ọkàn. Wọ́n wá mọ̀ pé nǹkan kan wà nínú ara tó ń pa ìránṣẹ́ náà, esere ló so ọwọ́ apànìyàn yẹn. Acetylcholine ni ìránṣẹ́ náà, èyí tí Henry Dale ti ṣàpèjúwe iṣẹ́ rẹ̀ láti 1914. Àwọn méjèèjì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1936. A wá mọ ohun tó ń pa àwọn tó jẹ esere ní Kàlàbá: ìròyìn tó yẹ kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan kó sì dákẹ́, kò dákẹ́ mọ́. Gbogbo iṣan ara, tó fi mọ́ èyí tí a fi ń mí, ń gbọ́ ariwo kan náà títí ó fi rẹ̀ wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sọ nípa Percy Julian, ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Alabama, tí wọ́n mú àwọn òbí rẹ̀ àgbà lẹ́rú. Ní 1935, ní DePauw ní ìpínlẹ̀ Indiana, òun àti Josef Pikl fi ọwọ́ ara wọn ṣe eserine láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìlo ẹ̀wà rárá. Ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá kan ní Oxford, Robert Robinson, ń ṣiṣẹ́ lórí ohun kan náà nígbà yẹn. Julian ló ṣe é yanjú.

Dale ti rí nǹkan kan ní 1914 tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Acetylcholine kan náà ni, ṣùgbọ́n ní àwọn ibì kan nínú ara ó ń ṣe bí oró olú, tó ń jẹ́ muscarine, ní àwọn ibòmíràn ó ń ṣe bíi nicotine inú tábà. Ìránṣẹ́ kan, etí oríṣi méjì. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, wọ́n ti mọ̀ pé oríṣi ti muscarine nìkan jẹ́ márùn-ún, M1 títí dé M5, pé M2 ló pọ̀ jù lára ọkàn.

Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí adrenaline. Ní 1948, Raymond Ahlquist ní Georgia ní Amẹ́ríkà to àwọn nǹkan mẹ́fà tó jọ adrenaline, ó wo bí agbára wọn ṣe tẹ̀ léra lára ẹ̀ya ara oríṣiríṣi. Ètò náà kò bára mu. Níbi kan, eléyìí ló lágbára jù, níbòmíràn, òun ló gbẹ̀yìn. Ó ní ohun tó fà á ni pé etí ibẹ̀ yàtọ̀, ó pe ọ̀kan ní álífà, ó pe èkejì ní bẹ́tà. Ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ tó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí kọ̀ ọ́. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu, gbogbo àwa tí a ti kọ àpilẹ̀kọ rí mọ bó ṣe máa ń rí. Ní 1967, Lands àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín bẹ́tà sí méjì: bẹ́tà 1 tó pọ̀ lára ọkàn, bẹ́tà 2 tó wà ní ọ̀nà èémí àti lára òpó ẹ̀jẹ̀. Bẹ́tà 3 dé ní 1989.

Èmi tí mo lo ayé mi lórí ohùn rí nǹkan tó dùn mọ́ mi nínú iṣẹ́ Ahlquist. Kò rí etí rí. Kò sẹ́ni tó rí i nígbà náà. Ìyàtọ̀ tó wà nínú bí àwọn ẹ̀ya ara ṣe ń dáhùn ló fi mọ̀ pé etí méjì ló wà. Bí a ṣe ń mọ fóníìmù gan-an nìyẹn. Kò sẹ́ni tó rí fóníìmù rí. A sọ ọkọ, a sọ ọkọ̀, ẹni tó gbọ́ dáhùn lọ́nà méjì, a mọ̀ pé nǹkan méjì ló wà níbẹ̀.

Ó ku asofẹ́yẹjẹ. Orúkọ rẹ̀ kò fara sin: a-so-fún-ẹyẹ-jẹ, fún àti ẹyẹ wọ ara wọn di fẹ́yẹ. Igi tó ń so èso pupa wẹ́wẹ́ tí ẹyẹ ń jẹ, ṣùgbọ́n tí ènìyàn kì í fi ṣeré. Àwọn onísàyẹ́ǹsì pè é ní Rauvolfia vomitoria, torí ó máa ń múni bì. Egbò rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn wa ń lò fún àwọn tí orí wọn dàrú, kí ara wọn lè balẹ̀ kí wọ́n sì sùn. Ní òpin àwọn ọdún 1950, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ láti Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, níbi tí Adéoyè Lámbò ti dá ilé ìwòsàn Arò sílẹ̀ ní 1954, tọ àwọn oníṣègùn lọ láti mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ó tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1960 nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà.

Ìbátan igi yìí wà ní Íńdíà, wọ́n ń lò ó níbẹ̀ náà. Rustom Vakil ní Bombay kọ̀wé ní 1949 pé ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ní 1952, ilé iṣẹ́ Ciba ní Switzerland yọ reserpine láti inú rẹ̀. Nígbà tí oògùn náà gbayì tán, egbò asofẹ́yẹjẹ láti Áfíríkà wà lára ohun tí wọ́n ń wá lójú méjèèjì, torí reserpine inú rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé lọ́mọ ogójì ọdún yóò rántí Brinerdin tí àwọn òbí yín ń lò. Reserpine wà nínú rẹ̀.

Bí reserpine ṣe ń ṣiṣẹ́ ló mú kí n fi í sínú ìtàn etí. Ní 1956, Arvid Carlsson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden fún ehoro ní reserpine, wọ́n sì rí i pé nǹkan tó jọ adrenaline tó wà ní ìpamọ́ nínú ọkàn rẹ̀ ti tú jáde tán. Etí wà níbẹ̀ ní pípé, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ẹnu tó ń bá a sọ̀rọ̀ ni kò ní ohun tó máa sọ mọ́. Bí kò bá sí ẹni tó pàṣẹ pé kí ilẹ̀kùn ṣí dáadáa, ìṣàn kálísíọ̀mù á dín, ọkàn á rọra lù. Ṣùgbọ́n reserpine kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ó ń sọ ẹnu di òfìfo nínú ọpọlọ náà, ìdí tí àwọn oníṣègùn wa fi ń fún aláìsàn ọpọlọ nìyẹn, ìdí náà sì nìyẹn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fi ń ba àwọn kan tó lò ó fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ohun tí mo kọ yìí lọ wú egbò asofẹ́yẹjẹ sè mu. Ìwọ̀n rẹ̀ kò rọrùn láti mọ̀, ó sì ti ṣe àwọn èèyàn ní jàǹbá.

Ní àwọn ọdún 1960 ni àwọn onímọ̀ wá so etí pọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Harald Reuter fi hàn ní 1967 pé ìṣàn kálísíọ̀mù wà lóòótọ́ nínú ọkàn, àti pé adrenaline máa ń mú un pọ̀ sí i. Adrenaline kì í fọwọ́ kan ilẹ̀kùn o. Etí bẹ́tà 1 ló ń gbọ́ ọ, ó á sọ fún ìránṣẹ́ inú ilé, èyí tí Earl Sutherland ṣàwárí tó sì gba Nobel fún ní 1971, tí wọ́n ń pè ní cAMP. Òun ló máa jí àwọn òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì tí yóò mú kí ilẹ̀kùn máa ṣí léraléra. Adrenaline bíńtín níta, cAMP rẹpẹtẹ nínú. Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odidi. N kò tíì rí ìwé sàyẹ́ǹsì tó ṣàlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Etí M2, tí acetylcholine ń bá sọ̀rọ̀, ń ṣe òdìkejì. Ó ń dá ọwọ́ àwọn tó ń ṣe cAMP dúró. Bí bẹ́tà 1 bá ti gbé ìṣàn náà sókè, M2 á fà á wálẹ̀. Bẹ́tà 2 ló ṣòro jù láti lóye. Ní àwọn ọdún 1990, Rui-Ping Xiao àti Edward Lakatta ní Baltimore fi hàn nínú sẹ́ẹ̀lì ọkàn eku pé bẹ́tà 1 àti bẹ́tà 2 jọ ń mú ìṣàn kálísíọ̀mù pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ariwo bẹ́tà 2 kì í jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, nítorí bó ṣe ń pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn náà ló ń pàṣẹ pé kí wọ́n rọra. Bẹ́tà 3 tún yàtọ̀. Nínú yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn ènìyàn, ó máa ń dín agbára ìlù kù, bí wọ́n ti rí i ní 1996. Nínú yàrá òkè ọkàn ènìyàn kan náà, wọ́n rí i ní 2008 pé ńṣe ló ń mú ìṣàn kálísíọ̀mù pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ kan náà, etí kan náà, yàrá méjì, ìdáhùn méjì. Ẹni tó bá ní ká sọ iṣẹ́ bẹ́tà 3 ní gbólóhùn kan, ẹ bi í pé yàrá wo.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ọ̀rẹ́ mi. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, a jọ máa ń jókòó lábẹ́ igi ọ̀sàn ní ìrọ̀lẹ́. Ikọ́ fée ti ń bá a jà láti kékeré. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá ń ru. Oògùn rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan, àna rẹ̀ tó wá kí i fún un lára tirẹ̀. Ó ní èyí wo òun sàn, àyà òun kì í já mọ́. Propranolol ni, èyí tí James Black ṣe ní àwọn ọdún 1960, tó wà lára ohun tó mú un gba Nobel ní 1988. Oògùn tó dára ni fún ẹni tó bá tọ́ sí. Ó ń di bẹ́tà 1 létí kí ọkàn má baà gbọ́ igbe adrenaline. Ṣùgbọ́n kì í yan etí. Ó ń di bẹ́tà 2 náà létí, bẹ́ẹ̀ bẹ́tà 2 ló ń gbọ́ àṣẹ pé kí ọ̀nà èémí là sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa, ọ̀rẹ́ mi kò lè mí mọ́. Ó fa ẹ̀rọ ìfàsímú rẹ̀ títí, kò ràn án, torí bẹ́tà 2 kan náà ni oògùn inú ẹ̀rọ yẹn ń bá sọ̀rọ̀, etí náà sì ti di. Ọ̀nà Ìkìrun kò jìnnà sí wa, ìyẹn ló gbà á là. Ó lo ọjọ́ mẹ́rin lórí bẹ́ẹ̀dì.

Àna rẹ̀ sunkún. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Oore ló fẹ́ ṣe, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Nínú ọ̀rọ̀ tí a ń lò, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan ṣoṣo ló wà. Ibẹ̀ gan-an ni èdè wa ti ń dá wa lóró. Bí a bá ní oògùn tó ń sọ ẹnu di òfìfo, oògùn tó ń di etí, oògùn tó ń di ilẹ̀kùn mú, ìyá àgbà tó wà ní Ọ̀kukù tàbí Ìníṣà á mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, á sì bèèrè kó tó gbé ti aládùúgbò mì.

Èyí tó ń di ilẹ̀kùn mú náà nílò kí n mẹ́nu bà á. Albrecht Fleckenstein ní Freiburg ní Jámánì ló fi hàn ní àwọn ọdún 1960 pé àwọn oògùn kan kì í bá etí kankan ṣe, ilẹ̀kùn kálísíọ̀mù fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń dì mú. Amlodipine tí ó kún ọwọ́ àwọn kẹ́míìsì wa lónìí wà nínú ìdílé yẹn, àmọ́ ilẹ̀kùn ara òpó ẹ̀jẹ̀ ló ń dì mú ju ti ọkàn lọ. Òpó á dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á rí àyè kọjá. Olùdarí ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019, Dike Ojji ti Yunifásítì Àbújá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ènìyàn 728 jọ ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́fà, Nàìjíríà wà lára wọn, gbogbo wọn aláwọ̀ dúdú tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Wọ́n fún wọn ní oògùn méjì méjì. Àwọn tí amlodipine wà nínú ìdì tiwọn, yálà òun àti oògùn tó ń múni tọ̀ tàbí òun àti perindopril, ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀ ju ti àwọn tí kò sí nínú tiwọn lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Kí ìwádìí yìí tó dé, àbọ̀ ìwádìí tí wọ́n ṣe lára aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni àwọn dókítà wa sábà ń gbára lé.

Amlodipine ni ọ̀rẹ́ mi ń lò báyìí. Kì í ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú bẹ́tà 2, ọ̀nà èémí rẹ̀ sì wà bó ṣe wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, torí òpó ẹ̀jẹ̀ tó dẹ̀ ń jẹ́ kí omi jò sínú ẹran ẹsẹ̀. Ó ti sọ fún dókítà rẹ̀. Wọ́n dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, wọ́n fi oògùn kejì kún un, ó sì kọ orúkọ méjèèjì sórí páálí kan tó so mọ́ ẹ̀rọ ìfàsímú rẹ̀.